Ẹnu ọ̀nà wo lẹ fẹ́ gbà wọlé? Ìbéèrè yín lórí iṣẹ́ ìlera nínú ṣọ́jà

Ẹ káàbọ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Lẹ́tà tó wọlé lóṣù yìí, ó lé ní ìdajì tó dá lórí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Ẹni tó fẹ́ ṣe nọ́ọ̀sì, ẹni tó fẹ́ ṣe dókítà, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ láàbù, gbogbo wọn ló fẹ́ mọ̀ bóyá káwọn gba inú iṣẹ́ ológun ṣe é. Kò yà mí lẹ́nu. Téèyàn bá ń gbé Àbújá tàbí Kàdúná, ojoojúmọ́ lèèyàn ń rí wọn, nọ́ọ̀sì tó wọ aṣọ ṣọ́jà tó lọ̀ dáadáa tó tún gbé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbọ́ àyà kọ́rùn, ó máa ń wu èèyàn. Èmi náà lo ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n nínú Medical Corps ti Army kí n tó fẹ̀yìn tì sí Kubwa níbí, ohun tójú mi rí ni mo fẹ́ sọ fún yín.

*Màmá Nọ́ọ̀sì, ẹ kúuṣẹ́ mà. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni mí, kíníìkì aládàáni kan ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Gwagwalada. Ọdún mẹ́ta ni mo fi kàwé nọ́ọ̀sì, mo ti gba RN mi, ìwé àṣẹ nọ́ọ̀sì, ọmọ ọdún 25 ni mí. Owó tí wọ́n ń san fún mi ò tó jẹun rárá. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ti wọ ṣọ́jà ní kí n ṣáà wọlé ná, ibi tó bá ṣí sílẹ̀ ni kí n gbà, pé tí mo bá ti wọ inú ẹ̀ tán màá ráyè yí i sí ọ́fíísà. Ṣé òótọ́ ni mà? — T., Gwagwalada*

T. ọmọ mi, ọ̀rẹ́ ẹ ò parọ́ tán, ṣùgbọ́n ibi tí kò sọ fún ẹ gan-an ló máa dùn ẹ́ jù lọ́la. Ẹnu ọ̀nà méjì ló wà fún ẹni tó ti kọ́ṣẹ́ ìlera tó wá fẹ́ wọ ṣọ́jà. Ọ̀kan ni ti rikúrúùtì, ẹ̀ka àwọn oníṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní tradesmen, ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń gba nọ́ọ̀sì tó ní RN, àwọn tẹkiníṣíà láàbù àtàwọn tó ń ṣiṣẹ́ oògùn, Depot tó wà ní Zaria ni wọ́n ti máa ń gba tréníìn, ó máa ń tó nǹkan bí oṣù mẹ́fà. Ìkejì ni èyí tí wọ́n ń pè ní DSSC, ti àwọn tó ní dìgírì nìyẹn, NDA, ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọ́fíísà ológun ní Kàdúná, ni wọ́n ti máa ń tọ́ ti Army, ọ́fíísà lèèyàn sì máa jáde. Ẹnu ọ̀nà tóo bá gbà wọlé, òun lo máa máa rí níwájú ẹ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àwọn kan máa ń rékọjá látinú tàkọ́kọ́ bọ́ sí ìkejì lóòótọ́, mo mọ̀ wọ́n, ṣùgbọ́n wọn ò pọ̀, àwọn tó sì ṣe é, ojú wọn rí tó.

Jẹ́ kí n sọ tèmi fún ẹ. Lọ́dún 1987, ìwé mẹ́wàá nìkan ni mo mú dání lọ sí Zaria. Bàbá mi kékeré ló sọ fún mi pé tí n bá ti dé ibẹ̀ wọ́n á rán mi lọ kàwé nọ́ọ̀sì, mo sì gbà á gbọ́ torí kò sẹ́ni tí mo lè bi. Ọdún mẹ́rin gbáko ni mo fi ń ka bùláńkẹ́ẹ̀tì nínú sítọ́ọ̀ ọsibítù kan. Wọ́ọ̀dù wà lódìkejì ọ̀dẹ̀dẹ̀, mò ń gbọ́ ìró kẹ̀kẹ́ oògùn tí wọ́n ń tì kọjá láàárọ̀ àti lálẹ́, táyà ẹ̀ kan máa ń han, mo mọ ìró ẹ̀ débi pé tí wọ́n bá ti pẹ́ kí wọ́n tó gbé e jáde èmi náà máa mọ̀, ṣùgbọ́n mi ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Ìgbà tí mo padà rí ọ̀nà lọ kàwé, tí mo wá dé wọ́ọ̀dù, àwọn ọmọ tí mo lè bí ló ti wà lórí mi, èmi ni mò ń sàlúùtì wọn. Mi ò bínú sí wọn o, wọ́n ṣe é bó ṣe yẹ kí wọ́n ṣe é ni. Wọ́n ti gba ìwé tiwọn kí wọ́n tó wọlé.

Ìyẹn ni mo ṣe ń sọ fún ẹ pé ìwé lo fi ń bẹ̀rẹ̀. Ìwọ ti ṣe dáadáa jù mí lọ, RN wà lọ́wọ́ ẹ. Tóo bá fẹ́ wọlé báyìí báyìí gẹ́gẹ́ bíi tradesman, mọ̀ pé láwọn ìkéde tí mò ń rí lẹ́nu ọdún mélòó kan yìí, 26 ni wọ́n máa ń fi òdiwọ̀n ọjọ́ orí ẹ̀ sí, o sì ti pé 25, àsìkò ò sí fún fífòní dónìí. Ṣùgbọ́n ti Army DSSC, 32 ni wọ́n sábà máa ń dá a dúró sí, ti Navy kì í tó bẹ́ẹ̀. Tó bá jẹ́ ọmọ inú mi ni ẹ́, màá ní kóo lọ bẹ̀rẹ̀ dìgírì nọ́ọ̀sì ní NOUN, yunifásítì tí olú ilé ẹ̀ wà ní Jabi níbí, ẹni tó ti ní RN ni wọ́n ń gbà fún kọ́ọ̀sì yẹn, èèyàn sì lè máa ṣiṣẹ́ lọ kó máa kàwé lọ. Ká ní ó gbà ẹ́ lọ́dún mẹ́rin, 29 lo máa jẹ́, àyè ṣì wà. Rí i pé o gba ìwé NYSC tàbí ìwé tí wọ́n fi ń yọ̀ǹda èèyàn kúrò níbẹ̀, torí wọ́n máa bèèrè ẹ̀. Dìgírì ẹ náà gbọ́dọ̀ tó second class lower, má fi ṣeré. Láísẹ́ńsì ẹ pẹ̀lú ìgbìmọ̀ nọ́ọ̀sì, má jẹ́ kó kú, ì báà jẹ́ ọjọ́ kan.

Tí ebi bá wá ń pa ẹ́ débi pé o ò lè dúró, wọ ti tradesman, kò sí ìtìjú ńbẹ̀. Ṣùgbọ́n kó jẹ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni wọ́n kọ sínú fọ́ọ̀mù ẹ o, kì í ṣe pé kóo wọlé ná pẹ̀lú WAEC, kóo wá máa retí àánú. Láti ìsinsìnyí, bẹ̀rẹ̀ sí í sáré láàárọ̀, 3.2 kìlómítà ni wọ́n sábà máa ń sá nígbà àyẹ̀wò, mo ti rí ọmọ tó mọ̀wé bí ẹni máa kú tó ṣubú ní ìdajì ọ̀nà. Kóo sì lọ wọn gíga ẹ, 1.65 mítà ni ti obìnrin. Má fojú wọ̀n ọ́n.

Ohun kan tí mo fẹ́ kóo mọ̀ kóo fi mọ̀ pé àyè wà fún ẹ: obìnrin tó kọ́kọ́ gba kọmíṣàn nínú Army ilẹ̀ wa, Josephine Tolefe, lọ́dún 1961, nọ́ọ̀sì ni.

*Màdáàmù, ẹ kú àárọ̀. Ọmọ mi ọkùnrin wà ní ABU Zaria, ìmọ̀ ìṣègùn ló ń kà, ó ti wọ 300 level. Owó ilé ìwé ti wá ń ga jù fún mi, mo ti fẹ̀yìn tì. Ọmọ ọ̀hún wá ní òun fẹ́ fi í sílẹ̀ lọ NDA kí ìjọba lè máa tọ́jú òun, pé òun ṣì lè padà di dókítà ṣọ́jà níbẹ̀. Ìyá ẹ̀ ò sùn mọ́, ẹ̀rù Maiduguri ló ń bà á. Kí ni kí n ṣe? — Bàbá kan ní Sabo, Kàdúná*

Bàbá, ẹ kú ìnáwó, ẹ kú ìfàyàrán. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kọ́mọ yìí fi ABU sílẹ̀. Mò ń bẹ̀ yín ni. Ohun tó wà lọ́wọ́ ẹ̀ yẹn gan-an ni ohun tí ṣọ́jà ń wá kiri. NDA dára, láti 1964 ló ti wà níbẹ̀ tó ń kọ́ àwọn tó máa darí ogun, ṣùgbọ́n ẹni tó ti fi ọdún mẹ́ta kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn tó wá padà lọ bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ lọ́dọ̀ wọn ti da omi agbada ẹ̀ nù torí pé òjò ṣú. Ẹ jẹ́ kó parí ẹ̀, kó ṣe ọdún kan ti háọ́ọ̀sìmànṣípù, àwọn ọsibítù ṣọ́jà kan náà máa ń gba àwọn háọ́ọ̀sì-ọ́fíísà, kó gba ìwé àṣẹ ẹ̀ lọ́wọ́ MDCN, ìgbìmọ̀ àwọn dókítà, kó sin ilẹ̀ bàbá ẹ̀. Lẹ́yìn náà ló máa wá gba DSSC wọlé. Tó bá jẹ́ ọmọ ogún ọdún ni báyìí, kò tíì ní pé 27 nígbà tó bá ṣe gbogbo ìyẹn tán. Dókítà tó bá sì gba ibẹ̀ wọlé, ipò tí wọ́n máa ń fún un tó bá parí tréníìn máa ń ga ju ti àwọn gírádúéètì míì tí wọ́n jọ wọlé lọ́jọ́ kan náà lọ.

Ẹ wo Aderonke Kale, ọmọ Yorùbá bíi tiwa. Ìbàdàn ló ti kọ́ṣẹ́ dókítà, àrùn ọpọlọ ló wá ń tọ́jú, ó ti di dókítà tán kó tó wọ Army lọ́dún 1972. Lọ́dún 1994 wọ́n fi í ṣe Major General, obìnrin àkọ́kọ́ tó dé ipò yẹn lórílẹ̀-èdè yìí, òun ló sì darí gbogbo Medical Corps. Nígbà tí èmi wà ní sítọ́ọ̀ tí mò ń ka bùláńkẹ́ẹ̀tì, orúkọ ẹ̀ la máa ń dá láàárín ara wa.

Ní ti owó, ẹ ní kọ́mọ lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì NELFUND, owó àyálò ìjọba àpapọ̀ fáwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2024. Wọ́n á san owó ilé ìwé fún ABU fúnra ẹ̀, wọ́n tún lè máa fún ọmọ ní owó ìjẹun lóṣooṣù, kò sí èlé lórí ẹ̀, ọdún méjì lẹ́yìn tó bá parí NYSC ló tó máa bẹ̀rẹ̀ sí í san án padà. Ẹ má jẹ́ kójú tì yín, àwọn ọmọ ọlọ́lá náà ń gbà á.

Ó wá ku ti ìyá ẹ̀. Mi ò ní parọ́ fún un. Tí wọ́n bá ní kí dókítà ṣọ́jà lọ Maiduguri, ó máa lọ ni. Èmi náà lọ, mo wà níbẹ̀ lọ́dún 2015. Lóru ọjọ́ kan, bí aago kan, wọ́n fi Hilux gbé ọmọkùnrin kan dé, kò lè ju ọmọ ọdún 22 lọ, itan ẹ̀ ti fọ́. Ẹni tó wà pẹ̀lú ẹ̀ níbi tí ìjà ti ṣẹlẹ̀ ti fi okùn tó ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró so ó, ó fún un le, ó wá fi bírò kọ aago tó so ó sí iwájú orí ọmọ náà, 23:40, kedere, bí ẹni ń kọ déètì sórí bọ́ọ̀dù. Dókítà ò bèèrè nǹkan kan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ó kàn wo iwájú orí ọmọ yẹn, ó mọ bí ẹ̀jẹ̀ ò ṣe tíì dé ẹsẹ̀ yẹn tó, ó mọ̀ pé àyè ṣì wà, ó ní ká gbé e wọ tíátà. Wọn ò gé ẹsẹ̀ ẹ̀. Nígbà tí mo wá ń fi òwú nu iwájú orí ẹ̀ láàárọ̀, bírò yẹn ò tètè lọ, mo sì rí i pé ọwọ́ mi ò fẹ́ nu ún kúrò. Ẹni tó kọ ọ́ kì í ṣe ọ́fíísà, ọmọ Depot ni, láti ẹ̀ka ìlera.

Ẹ sọ fún ìyá ẹ̀ pé ẹ̀rù tó ń bà á, ẹ̀rù gidi ni, kí ẹnikẹ́ni má fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ iṣẹ́ dókítà ṣọ́jà, inú ọsibítù ló ti ń ṣe é, bíi 44, ọsibítù ṣọ́jà tó wà ní Kàdúná yín níbẹ̀ yẹn, ìyàwó ṣọ́jà tó ń rọbí, ọmọ tó ní ibà, àwọn sìfílíà tó wá látìta náà. Kí ọmọ náà alára sì mọ̀ pé tí àwọn dókítà yòókù bá da iṣẹ́ sílẹ̀, òun ò ní lè bá wọn dà á.

*Ẹ kúuṣẹ́ mà. Mo kàwé Medical Lab Science. Bọ̀dá kan ní Mararaba ní tí mo bá lè mú ₦600,000 wá òun máa bá mi rí slot Army, pé fọ́ọ̀mù yẹn kì í ṣe fún gbogbo èèyàn. Mo ti fún un ní ₦150,000. Ṣé kí n parí ẹ̀? — K., Nyanya*

Rárá, K. Má fún un ní kọ́bọ̀ mọ́. Ọ̀fẹ́ ni fọ́ọ̀mù Army, ọ̀fẹ́ ni ti Navy, ọ̀fẹ́ ni ti Air Force, orí íntánẹ́ẹ̀tì wọn lèèyàn ti ń kún un, àdírẹ́ẹ̀sì gbogbo wọn ló sì ń parí sí mil.ng. Èyí tí kò bá parí bẹ́ẹ̀, sá fún un. Tọ́jú gbogbo ọ̀rọ̀ tí ẹ bá ara yín sọ lórí WhatsApp àti rísíìtì owó yẹn, mú un lọ fún ọlọ́pàá. Ó dùn mí gan-an torí mo mọ iye oṣù tí ọmọ láàbù máa fi tọ́jú ₦150,000. Iṣẹ́ tóo kọ́ yẹn wà lára ohun tí wọ́n máa ń béèrè fún DSSC fúnra wọn, o ò nílò ẹnikẹ́ni láàárín.

*Màmá, ẹ̀gbọ́n ni mo jẹ́ fún yín tàbí àbúrò, mi ò mọ̀, ẹ kú ọjọ́. Ọmọ mi obìnrin wà ní Texas, ó ti gba green card. Ó ní àwọn ológun Amẹ́ríkà ní kóun wá ṣe medic, pé wọ́n á sọ òun di nọ́ọ̀sì, wọ́n á tún sanwó ilé ìwé òun. Ó fẹ́ tọwọ́ bọ̀wé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. — Ìyá B., Lugbe*

Ìyá B., ẹ pè é lálẹ́ òní, ẹ má dúró di ọ̀la. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni kẹ́ẹ bi í: nọ́mbà wo ni wọ́n kọ sínú ìwé àdéhùn ẹ̀? Lọ́dọ̀ àwọn Army tiwọn, iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ní nọ́mbà. Tó bá jẹ́ 68W, medic ojú ogun nìyẹn, ọ̀sẹ̀ 10 ni tréníìn ṣọ́jà àkọ́kọ́, wọ́n á wá kọ́ iṣẹ́ fún bí ọ̀sẹ̀ 16 ní Fort Sam Houston, San Antonio, ní Texas yẹn náà. Iṣẹ́ ńlá ni, ẹ̀mí èèyàn ló wà lọ́wọ́ wọn, ṣùgbọ́n ìwé tó máa gbà níbẹ̀, ti EMT ni, ti àwọn tó ń bá áńbúláǹsì rìn, kì í ṣe ìwé nọ́ọ̀sì. Tó bá jẹ́ 68C ni, ó yàtọ̀ o, ìyẹn máa ń gbà tó nǹkan bí ọdún kan, wọ́n á sì jẹ́ kó ṣe ìdánwò láísẹ́ńsì practical nurse. Ẹni tó bá fẹ́ jẹ́ nọ́ọ̀sì ọ́fíísà lọ́dọ̀ wọn, ó gbọ́dọ̀ ti ní dìgírì nọ́ọ̀sì àti láísẹ́ńsì RN, ó sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ọmọ onílùú. Green card ò tó fún ipò ọ́fíísà, rikúrúùtì ló lè gbà wọlé.

Ti owó ilé ìwé, òótọ́ wà níbẹ̀. Ẹni tó bá sìn wọ́n tó ọdún mẹ́ta, GI Bill lè sanwó ilé ìwé fún un fún oṣù 36, ó sì lè fi iṣẹ́ yẹn tètè di ọmọ onílùú. Èyí tí wọ́n ń pè ní HPSP, tó ń san gbogbo owó ilé ìwé dókítà, tí ọdún mẹ́rin owó sì túmọ̀ sí ọdún mẹ́rin iṣẹ́, ọmọ onílùú nìkan ni wọ́n ń fún. Nítorí náà kì í ṣe irọ́ ni wọ́n pa fún ọmọ yín, ṣùgbọ́n ohun tí kò bá sí nínú ìwé tó fẹ́ tọwọ́ bọ̀ yẹn, kó má retí ẹ̀. Bàbá mi kékeré náà ò ní in lọ́kàn láti parọ́ fún mi.

*Mà, mo rí Nigerian Army University ní Biu lórí JAMB. Tí mo bá wọ ibẹ̀, ṣé mo ti di ṣọ́jà nìyẹn? — O., Minna*

O ò tíì di ṣọ́jà. Yunifásítì ni, wọ́n dá a sílẹ̀ lọ́dún 2018, sìfílíà ń wọ ibẹ̀ bíi ti yunifásítì yòókù. Tóo bá jáde tán, wàá ṣì kún fọ́ọ̀mù bí gbogbo èèyàn.

*Màmá, mi ò fẹ́ kí ẹ kọ orúkọ mi tàbí ibi tí mo wà. Nọ́ọ̀sì ni mí nínú iṣẹ́ yìí, ó ti pé ọdún mẹ́fà. Mo ti rí iṣẹ́ ní UK, wọ́n ti fi ìwé ránṣẹ́. Àwọn kan ní kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni, kí n gba pásì ọ̀sẹ̀ méjì kí n bá ibẹ̀ lọ. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn.*

Ọmọ mi, mo ka lẹ́tà ẹ lẹ́ẹ̀mẹta. Mi ò dá ẹ lẹ́bi pé o fẹ́ lọ, mo mọ iye tí wọ́n ń san, mo sì mọ bí ẹsẹ̀ ṣe máa ń wú téèyàn bá dúró láti aago méje àárọ̀ di alẹ́. Ṣùgbọ́n má sá. Lábẹ́ òfin ológun ilẹ̀ wa, ẹni tó bá lọ láìgbàṣẹ tàbí tó sá kúrò lẹ́nu iṣẹ́, ilé ẹjọ́ ológun ló máa ti jẹ́jọ́, ọ̀rọ̀ yẹn kì í sì í tán torí pé èèyàn ti wọ ọkọ̀ òfúrufú. Ọjọ́ tí ìyá ẹ bá ń ṣàìsàn tóo fẹ́ wálé, ọjọ́ yẹn ló máa dìde. Yàtọ̀ síyẹn, àwọn tó gbà ẹ́ síṣẹ́ máa fẹ́ kí ìgbìmọ̀ nọ́ọ̀sì ti ibí jẹ́rìí sí ìwé ẹ, níbi tí wọ́n bá sì ti ń bèèrè ìwé ìwà rere látibi iṣẹ́, ta ló máa kọ ọ́ fún ẹni tó sá?

Ọ̀nà wà láti gba òmìnira kúrò nínú iṣẹ́ náà tọwọ́tẹsẹ̀, èèyàn á kọ̀wé, á gbà á kọjá lọ́wọ́ ọ̀gá ẹ̀. Ó máa ń pẹ́, nígbà míì wọ́n á dá a padà, wàá tún un kọ. Kọ̀wé sáwọn ará UK yẹn pẹ̀lú, sọ fún wọn pé abẹ́ iṣẹ́ ológun lo wà, bèèrè bóyá wọ́n lè sún ọjọ́ tóo máa bẹ̀rẹ̀ síwájú. Lẹ́tà tìẹ, má jẹ́ kó gùn ju ojú ìwé kan lọ, kọ nọ́mbà iṣẹ́ ẹ sókè, so ìwé láísẹ́ńsì ẹ mọ́ ọn, ṣe ẹ̀dà méjì, kí akọ̀wé buwọ́ lu ọ̀kan padà fún ẹ pẹ̀lú déètì. Lọ kọ ọ́ lónìí.